Ọ̀rọ̀ tí Akua Gbọ́ Lójú Fèrèsé

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọláńgidi mí ní Bantama, nílùú Kumasi.

Kì í ṣe àlá. Nínú yàrá ìdánrawò kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì kan ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọláńgidi rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, Maame Serwaa ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ títí ara ẹ̀ fi lu bí asẹ́. Wọ́n ti ṣèèṣì pa á láìmọye ìgbà, kò sì fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn rí. Irú aláìsàn tí gbogbo nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Olùkọ́ tó ni yàrá náà ti kéde pé kò ní sí iṣẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Ṣùgbọ́n ìdánwò àfọwọ́ṣe ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àyà àwọn ọlọ́dún kẹta sì ń já, ni Akua, olórí kíláàsì wọn, bá kó wọn wọlé láìgbàṣẹ. Wọ́n bá Maame Serwaa lórí ibùsùn ẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó kọjú sógiri, aṣọ bò ó dé etí. Akua ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, ó sì fajú ro bíi dókítà inú fíìmù.

"Báwo ni aláìsàn wa, Dókítà?" ni ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Ó ti kú láti ìjẹta."

Ẹ̀rín sọ. Akua náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ẹ̀ ṣe gé lójijì. "Ẹ dákẹ́ ná. Ọwọ́ ẹ̀ gbóná."

"Ooru ọ̀sán ló mú un."

"Iṣan ẹ̀ ń lù!"

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Akua ká aṣọ kúrò. Kì í ṣe Maame Serwaa. Gifty Oyèdélé ni, ọmọ kíláàsì wọn, ojú ẹ̀ pa dé, kò sì gbọ́ ariwo tí gbogbo wọn wá fi bẹnu báyìí. Ẹni tó gba máàkì jù nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ló kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé jáde.

Bí wọ́n ṣe gbé Gifty lọ sí ilé ìwòsàn tán ni Inspẹ́kítọ̀ Jímọ̀h Làmídì dé. Ọmọ Asawase ni, ara àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi, tí bàbá bàbá wọn wá ṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò sì padà mọ́. Ó sanra, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀fíọ̀ kì í sì í tán lápò ẹ̀. Tó bá ń ronú, á máa sọ ọ́ sẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà. Kọ́ńsítébù Bright tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ Asante gíga kan tí kò mọ eré ṣe rárá.

Bright ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀, ó sì fò sẹ́yìn.

"Má mira! Gbọ́wọ́ sókè!"

Làmídì rìn lọ síbẹ̀, ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Maame Serwaa dúró sínú ẹ̀, ó la ojú sílẹ̀ kalẹ̀.

"Bright, má fi agbára mú un. Apá ọ̀tún ẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn."

Ó padà sídìí ibùsùn, níbi tí kọ́tìnì gígùn kan ti dábùú yàrá. Akua ní Gifty fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ ni, wọ́n ká orúnkún ẹ̀ kan síwájú, wọ́n sì ti ìrọ̀rí mọ́ ọn lẹ́yìn kó má bàa yí padà. Bàtà ẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, méjèèjì tò bí ẹni pé ọmọ ilé kan ló bọ́ ọ kó tó sùn. Lórí tábìlì kékeré, àmì pupa róbótó kan ti ń gbẹ. Làmídì fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ẹ̀. Sobolo ni, omi ìsápá dídùn tí wọ́n máa ń mu. Àmọ́ kò sí ìgò, kò sí ife.

Fóònù ẹ̀ dún. Dókítà ni. Oògùn oorun ni wọ́n fún ọmọ náà, irú èyí tí wọ́n máa ń fún aláìsàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Yóò jí nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má rántí bó ṣe sùn.

"Ẹni tó ṣe é láàánú, sà," ni Bright wí. "Ó tún fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn."

"Ó láàánú, tàbí ó mọ iṣẹ́. Tàbí kó jẹ́ méjèèjì. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí."

Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, Madam Hamdia, ni wọ́n fún un láti máa pe àwọn èèyàn sí. Akua ló kọ́kọ́ wọlé. Twi ni wọ́n jọ sọ.

"Mo gbé abọ́ oúnjẹ waakye mi dání lọ́sàn-án, mo ń gba ẹ̀yìn fèrèsé yàrá ìdánrawò kọjá," ni Akua wí. "Mo gbọ́ ohùn Gifty nínú ilé. Ó kígbe, 'Sùmáyà, aduro!'"

Aduro lédè Twi ni oògùn, yálà èyí tó ń wo èèyàn sàn tàbí èyí tó ń gbé e lọ.

"O ò yọjú wò wọ́n?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni wá, sà. Gbogbo ọjọ́ la fi ń pariwo oògùn. Ìgbà tí mo rí i lórí ibùsùn ni mo tó mọ̀ pé ó ń ké pé Sùmáyà fún òun lóògùn ni. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta kenkey lẹ́nu géètì sọ ọ́ fún mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì?"

Akua mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ni, ó ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n sì fún bàbá arúgbó kan tó ní àtọ̀gbẹ ní abẹ́rẹ́ tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀ ló kù kí bàbá náà kú. Madam Georgina, olùkọ́ tó kó wọn lọ, ní Sùmáyà ló fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Sùmáyà búra pé òun kọ́. Gifty nìkan ló tún wà níbẹ̀, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ìbáwí ì bá jókòó lórí ẹ̀ lọ́sàn-án yìí, kó tó di pé ọlọ́pàá dé tí wọ́n sún un sí ọ̀la.

"Níwájú gbogbo wa ni Sùmáyà ti sọ fún Gifty pé òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé," ni Akua wí. "Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ni wọ́n rí tẹ́lẹ̀."

Madam Georgina wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Òun ló ni yàrá ìdánrawò. Ó ti ń súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, aṣọ funfun ẹ̀ gún régé, ojú ẹ̀ sì ti pọ́n fún ẹkún. Ó ní òun wà ní ọ́fíìsì òun láti àárọ̀ títí ariwo fi sọ.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò ní sí iṣẹ́ lọ́sàn-án yìí?"

"Nítorí ìgbìmọ̀ ni. Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí."

"Mà, mepa mo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì máa jà rí?"

Madam Georgina mi orí. "Tí wọ́n bá wà pọ̀, Yorùbá ni wọ́n máa ń sọ, Inspẹ́kítọ̀. Èmi ò gbọ́ ju ẹ káàárọ̀ lọ." Ó nu ojú ẹ̀. "Sùmáyà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìbínú ẹ̀ ló pọ̀. Ká ní ó dá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lóhùn, ká ní ó tiẹ̀ dúró nígbà tó pè é, bóyá gbogbo èyí ì bá má ti ṣẹlẹ̀."

Làmídì bá a kẹ́dùn, ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ọ̀fíọ̀ kan sẹ́nu. Nǹkan kan ń yún un lọ́kàn, àmọ́ kò mọ ibi tí yóò ti họ ọ́.

Nígbà tí Sùmáyà wọlé, kò gbé ojú sókè. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, híjáàbù ẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

"Mi ò rí Gifty lónìí, sà. Wallahi."

Làmídì fi Twi sílẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá. "Ọmọ ta ni ẹ́ ní Asawase?"

"Ọmọ Àlàájì Jùbrílù ni mí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí."

"Jùbrílù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe? Ọmọ ẹni tó máa ń sọ òótọ́ títí oníbàárà á fi bínú lọ nìyẹn. Báwo ló ṣe wá bí òpùrọ́?"

Sùmáyà bú sẹ́kún.

"Mo rí i, Bàbá. Mo lọ mú bàtà mi ní yàrá ìdánrawò, ó sì wọlé bá mi. Mi ò dá a lóhùn. Mo jáde. Ó pè mí, mo gbọ́, mo ń lọ."

"Kí ló sọ nígbà tó pè ẹ́?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní kí n dúró."

Ọ̀fíọ̀ tó ń lọ sẹ́nu Làmídì dúró sí agbede-méjì. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

"Ó ní, 'Sùmáyàaa, dúró!'"

Làmídì dìde. Ó ké sí Bright, ó ní kó lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé, kó sì ti fèrèsé pa. Lẹ́yìn náà ló fi gbogbo ọ̀fun pariwo: "Sùmáyàaa, dúró!"

Ó ṣí fèrèsé. "Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní Sùmáyà, aduro, sà," ni Bright dáhùn. "Ẹ ń tọrọ oògùn lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ara yín ò yá ni?"

Ẹ̀rín pa Làmídì, ó rín in títí ikùn ẹ̀ fi ń jó. Ó jókòó, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kan pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kó dúró. Wọ́n kàn ya "a" kan lára orúkọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti sọ ọ̀rẹ́ náà di apààyàn. Òun fúnra ẹ̀, ọmọ Yorùbá láti inú Asawase, Twi ló fi gbọ́ ọ, Twi náà ló sì fi rò ó.

"Kí ló dé tó o fi purọ́?" Ohùn ẹ̀ ti rọ̀.

"Ojú ń tì mí ni, Bàbá. Mo sọ fún ara mi pé àkókò ìrun àìlà ń kọjá lọ. Irọ́ ni, àkókò ṣì wà. Inú ló ń bí mi. Ká ní mo dá a lóhùn ni, kò sẹ́ni tó máa lè ṣe é ní nǹkan kan." Ó fi híjáàbù nu imú. "Tí ìgbìmọ̀ bá lé mi lọ́la, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì kankan tó máa tún gbà mí. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ fi ara mi ṣe."

Nírọ̀lẹ́, Gifty jí. Làmídì jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gifty wo àjà ilé. Òun ò rántí nǹkan kan, ó ní. Kò rántí Sùmáyà, kò rántí sobolo, kò rántí ẹni tó gbé e fún òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, Làmídì kó wọn jọ sí ọ́fíìsì Madam Hamdia. Ọ̀gá àgbà jókòó sídìí tábìlì ẹ̀. Madam Georgina jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, Akua àti Sùmáyà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n fi Gifty, tára ẹ̀ ò tíì le tán, sórí àga onítìmùtìmù. Bright di ẹnu ọ̀nà. Ní Twi, Làmídì tú ọ̀rọ̀ aduro palẹ̀ fún wọn, Akua sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Awurade! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Etí ẹ kò purọ́, Akua, ẹnu ẹ ló yára. Àmọ́ dúpẹ́. Àṣìṣe tìẹ ló jẹ́ kí n mọ ẹni tí kò ṣàṣìṣe." Ó yíjú. "Madam Georgina, lánàá ẹ ní ká ní Sùmáyà dúró nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pè é. Ta ló sọ fún yín pé ó pè é kó dúró?"

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Ẹnu èwo nínú wọn? Akua nìkan ló gbọ́ igbe yẹn lóde, oògùn ló sì gbọ́, oògùn ló sọ káàkiri. Sùmáyà mọ̀ pé dúró ni, èmi ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, lẹ́yìn tí ẹ̀yin ti jáde kúrò níbí. Ẹni kẹta tó lè mọ̀ ọ́n ni ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì nínú yàrá náà, tó sì gbọ́ Yorùbá."

"Ìyẹn ti yọ mí sílẹ̀," ni Madam Georgina wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti sọ fún yín pé mi ò gbọ́ Yorùbá."

Làmídì tẹrí ba bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Bright, lẹ́nu ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ sọ ọ̀fíọ̀ kan sẹ́nu, ó rún un dáadáa, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà, láìgbé ohùn sókè, ó sọ ní Yorùbá:

"Mà, aláǹgbá mà ti ń wọ ọrùn aṣọ yín lọ."

Madam Georgina fò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn, ó gbọn aṣọ, ó gbọn apá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú tábìlì dé. Madam Hamdia, Akua àti Bright kàn ń wò ó, wọn ò mọ ohun tó bá a. Sùmáyà àti Gifty ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wá aláǹgbá.

Kò sí aláǹgbá kankan.

Ọwọ́ Madam Georgina rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó. Nígbà tó tún la ẹnu, Yorùbá ló jáde, Yorùbá àwọn àgbà, tó mọ́ gaara, tí àwọn ọmọ Asawase gan-an kì í sọ mọ́.

"Ìyá mi ló kọ́ mi. Lọ́dún tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì máa lọ sí ìlú wọn, ọmọ ọwọ́ ni mí. Asante ni bàbá mi, òun ló fi wá pa mọ́. Láti ìgbà yẹn, inú yàrá nìkan ni ìyá mi ti ń sọ ọ́ sí mi, tó ń ní kí n má gbé e jáde." Ó padà sí Twi, ohùn ẹ̀ sì le. "Ó dáa, mo gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀ṣẹ̀ ha ni? Ta ló rí mi tí mo fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mu? Níbo ni ìgò náà wà? Ẹni tí ẹ ní mo fún ti ní òun ò rántí."

Ọ̀rọ̀ náà bá Làmídì gan-an. Kò rí ìgò, kò rí ife, kò sì sí adájọ́ tí yóò fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí pé ó sá fún aláǹgbá.

"Mo rántí," ni ẹnì kan wí.

Gbogbo ojú yí sí àga onítìmùtìmù. Ọ̀fíọ̀ ọwọ́ Làmídì bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"O ní o ò rántí nǹkan kan!"

"Irọ́ ni mo pa, sà. Mo rántí gbogbo ẹ̀." Gifty ń wo Madam Georgina, omi ń dà lójú ẹ̀. "Nígbà tí màmá mi kú, Madam ló mú mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní ìyá, mo sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ wọ́ọ̀dù, àwọn ló fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Fóònù wọn ń dún, wọn ò tún ìwọ̀n ẹ̀ wò. Sùmáyà kàn gbé àwo dání ni. Mo rí i, mo sì dákẹ́."

"Gifty," ni Madam Georgina wí, jẹ́jẹ́.

"Láàárọ̀ àná, mo lọ sọ fún wọn pé mi ò lè dákẹ́ mọ́, mo máa sọ òótọ́ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí n wá rí àwọn ní yàrá ìdánrawò lọ́sàn-án. Mo bá Sùmáyà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un, mo pè é, ó lọ. Madam jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n ní kí n má sunkún, wọ́n fún mi ní sobolo. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìdí tí ẹ fi ní kò sí iṣẹ́ lọ́sàn-án nìyẹn," ni Làmídì wí fún olùkọ́ náà. "Kó lè sùn kọjá ìgbìmọ̀, kó jí nírọ̀lẹ́, kó rò pé ó rẹ òun ni. Ta ni ì bá gbà á gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ ò fẹ́ kó kú. Bí ẹ ṣe tẹ́ ẹ sí fi hàn bẹ́ẹ̀."

"Mo jókòó tì í títí mo fi rí i pé ó ń mí dáadáa," ni Madam Georgina wí. "Láti ìgbà èwe mi ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò ṣe aláìsàn kankan níbi rí. Ẹyọ kan. Àṣìṣe ẹyọ kan, nígbà tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Mo rò pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó lè rí nǹkan mìíràn ṣe. Kò sí nǹkan mìíràn tí èmi lè ṣe mọ́."

Madam Hamdia wo Sùmáyà, ó sì ní ìgbìmọ̀ ò ní jókòó lórí ẹ̀ mọ́. Bright mú olùkọ́ náà lápá, tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni tó mú ìyá ara ẹ̀.

Gifty dìde lórí àga. Bóyá ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni, bóyá ó fẹ́ dì mọ́ olùkọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọ̀ ojú ẹ̀ yí padà, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Akua ló pariwo. Làmídì ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Madam Georgina fa apá ẹ̀ yọ lọ́wọ́ Bright, ó yíjú padà, ó la ẹnu láti pàṣẹ.

Sùmáyà ti gbá Gifty mú kí orí ẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹ lélẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ti tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀. Ó tẹ etí sí imú ẹ̀, ó gbọ́ pé ó ń mí, kò sì gbójú sókè kó tó sọ fún Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, ní ohùn tí kò gba àríyànjiyàn, pé kó sún sẹ́yìn, ó ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Làmídì sún sẹ́yìn.

Madam Georgina ṣì la ẹnu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, ó ń wá ohun tó kù. Lẹ́yìn náà ló pa ẹnu ẹ̀ dé. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ, Sùmáyà ti ṣe é.